Ohun Tí Ìwé Ìdílé Lè Jẹ́rìí Sí Nípa Musa Jokollo

Kò sí ẹbí kan ní ìlú Sókótó tí kò ní àtìpó nínú ìtàn rẹ̀. Ọdún 1809 ni Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tẹ ìlú náà dó, kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ọmọ ogun Shehu gba Alkalawa, olú ìlú Gobir, mọ́ ọba Yunfa lọ́wọ́. Àwọn tó wá kún ibẹ̀ ti Gobir wá, wọ́n ti Zamfara àti Kebbi wá, àwọn mìíràn sì ti inú igbó tí àwọn Fúlàní darandaran ń gbé jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé ní Sókótó lónìí, bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ ti wà nílùú látìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka baba rẹ̀, baba baba rẹ̀ àti àwọn tó ṣáájú wọn, kò ní í kà ju ẹni méje tàbí mẹ́jọ lọ kó tó kan ẹni tó ru ẹrù wọ ìlú. Kí ni èèyàn lè mọ̀ nípa irú baba ńlá bẹ́ẹ̀? Kò ní ìwé ìrìnnà, kò ní ìwé ìbí, ìjọba kankan kò sì ka orí rẹ̀ mọ́ orí ará ìlú. Ohun tó kù nípa rẹ̀ ni ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún ọmọ tiwọn, títí ẹnì kan nínú wọn fi jókòó lọ́jọ́ kan tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojú méjì ni àwọn èèyàn sábà fi ń wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé àgbà ló sọ ọ́, èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Àwọn mìíràn á ti gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní bí ìdílé bá ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, oríkì ló ń kì, kì í ṣe ìtàn ló ń pa. Èmi kò fara mọ́ ìhà kankan nínú méjèèjì. Ìdílé tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní Sókótó ni ti Shehu fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn Toronkawa, baba ńlá tí wọ́n sì máa ń tọ́ka sí ni Musa Jokollo, ẹni tí wọ́n ní ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ láti Futa Toro, létí odò Senegal, wá sí Konni ní ilẹ̀ Hausa. Bí mo ti yẹ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ wò, ìrìn-àjò rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọlọ́lá tí wọ́n so mọ́ ọn kò ṣeé gbà. Ìdí tí apá kan fi dúró tí apá kejì fi wó kò ṣòro rí. Apá kan ń bá ìdílé náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, apá kejì kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó bu iyì kún wọn lọ.

Èèyàn méjì ló kọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí a ní. Ọ̀kan ni Abdullahi dan Fodio, àbúrò Shehu, tó kọ ìwé nípa àwọn olùkọ́ rẹ̀, ìyẹn Ida al-nusukh, tó sì tún kọ̀wé lórí orísun àwọn Fúlàní. Èkejì ni Muhammad Bello, tí ìwé rẹ̀, Infaq al-maysur, sọ ìtàn ilẹ̀ wọ̀nyí àti ti jíhàádì baba rẹ̀. Ọdún 1812 ni wọ́n kọ Ida àti Infaq, Shehu ṣì wà láàyè. Ọdún yẹn kan náà ló pín àbójútó ilẹ̀ tí wọ́n gbà sí méjì, ó fa apá ìwọ̀-oòrùn lé Abdullahi lọ́wọ́, ó sì fa apá ìlà-oòrùn lé Bello lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ gbójú fò. Àwọn tó ń kọ ìtàn baba ńlá wọn ti kúrò ní àáfà tó ń kọ́ ọmọ ní kéú nìkan, wọ́n ti di aláṣẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọba tí ìtẹ́ wọn ti pẹ́, Muhammad al-Kanemi ti Borno sì ń kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń béèrè ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi gbógun ti ilẹ̀ Mùsùlùmí. Bello fi àwọn lẹ́tà náà àti èsì wọn sínú Infaq. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ẹ̀tọ́ báyìí kò lè sọ̀rọ̀ nípa baba rẹ̀ kó má ro ohun tí ọ̀tá yóò sọ sí i.

Okùn ìran tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ báyìí: Usman, ọmọ Muhammad Fodio, ọmọ Usman, ọmọ Salih, ọmọ Harun, ọmọ Muhammad Gurdo, ọmọ Muhammad Jabbo, ọmọ Muhammad Sambo, ọmọ Maisaran, ọmọ Ayyub, ọmọ Buba Baba, ọmọ Musa Jokollo. Láti ọ̀dọ̀ Shehu dé ọ̀dọ̀ Musa, ìran mọ́kànlá ni. Oṣù kejìlá ọdún 1754 ni wọ́n bí Shehu ní Maratta, ní ilẹ̀ Gobir. Bí a bá fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ọdún 25, Musa yóò bọ́ sí nǹkan bí 1479. Bí a bá fún un ní ọdún 30, yóò bọ́ sí 1424. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí Kánò wò. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò, tí wọ́n kó jọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́, sọ pé nígbà ayé ọba Yakubu, tó jọba láti nǹkan bí 1452 sí 1463, àwọn Fúlàní ti ìhà Mali wọ ilẹ̀ Hausa, wọ́n sì kó ìwé ìmọ̀ nípa Ọlọ́run àti ìwé ìmọ̀ èdè dání. Ó ní kó tó di ìgbà yẹn, Kùránì, ìwé òfin àti hadíìsì nìkan ni àwọn àáfà ibẹ̀ ní. Ó tún ní àwọn tó pọ̀ nínú àwọn àlejò náà kọjá lọ sí Borno, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí ilẹ̀ Hausa. Ìwé yìí kò dárúkọ Musa, kò dárúkọ Toronkawa, kò sì gbé Sókótó ga. Àkókò tí kíka ìran fún wa ni òun náà fún wa, irú èèyàn kan náà ló sì ń ṣàpèjúwe: Fúlàní tó ti ìwọ̀-oòrùn wá, tó gbé ìwé rìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò sọ pé àwọn Fúlàní ló ń jọba ní Kánò nígbà tí wọ́n kó ìwé yẹn jọ, abẹ́ àsíá Sókótó sì ni Kánò wà, nítorí náà ẹ̀rí méjèèjì lè ti inú ilé kan náà wá. Ọ̀rọ̀ náà mú ọgbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń purọ́ láti gbé olówó rẹ̀ ga kò ní í gbàgbé láti dárúkọ olówó náà. Bí ẹnì kan ní Kánò bá fẹ́ fi ìtàn Yakubu ṣe ojú rere sí Sókótó, ohun tí ì bá rọrùn jù ni kó sọ pé Musa Jokollo wà lára àwọn tó dé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọjá lọ sí Borno ló pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, Borno sì ni ilẹ̀ tó ń bá Sókótó jà. Fún ìdí yìí, mo ka ẹ̀rí Kánò sí ẹ̀rí tó dá dúró, bí kò tilẹ̀ tóbi.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àkókò. Láti ìgbà Musa dé ọdún 1812, ó lé ní 300 ọdún. Báwo ni orúkọ èèyàn mọ́kànlá ṣe lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í sọnù, tí ẹnì kankan kò sì ní í kọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn? Ìdáhùn mi wà nínú ohun tí Abdullahi sọ nípa bí wọ́n ṣe ń kàwé nílé wọn. Ó ní ọ̀dọ̀ baba wọn ni Shehu ti kọ́kọ́ ka Kùránì. Ó ka Mukhtasar, ìwé òfin Màlíkì, lọ́dọ̀ Uthman Binduri, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí wọn níhà bàbá àti níhà ìyá, ó sì bá a gbé fún bí ọdún méjì tó ń wo ìwà rẹ̀ kọ́ ìwà. Ìbátan wọn kan níhà ìyá, tó ń jẹ́ Muhammad Sambo, máa ń jókòó tì wọ́n níbi ìwé kíkà. Bí ẹni tó ń kàwé bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà tàbí tó fo ọ̀kan, Sambo á tún un ṣe láìwo ìwé, nítorí pé ó ti mọ àlàyé tí al-Kharashi ṣe sórí ìwé náà lórí tán. Abdullahi fúnra rẹ̀ ka Kùránì lọ́dọ̀ baba, nígbà tó sì pé ọmọ ọdún 13 ni baba fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Shehu tẹ̀ lé olùkọ́ wọn Jibril ibn Umar dé Agades, Jibril dá a padà sílé, ó sì dá hájì tirẹ̀ lọ, torí pé baba Shehu kò tíì yọ̀ǹda kó lọ.

Ohun tí ìwé yìí fi hàn ni pé nínú ilé náà, ẹni tó kọ́ni àti ẹni tó bíni kì í sábà jìnnà síra wọn. Àáfà kò lè kọ́ ẹlòmíràn ní ìwé kan láìsọ ẹni tí òun ti kà á lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí olùkọ́ òun náà ti kà á. Okùn yẹn ni àṣẹ rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ̀kọ́ náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé baba, ẹ̀gbọ́n baba àti àbúrò ìyá ni olùkọ́, orúkọ baba ńlá wọ inú ohun tí wọ́n ń kà lákàtúnkà láti fi rí oúnjẹ jẹ àti láti fi rí iyì láwùjọ. Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n ń pa lálẹ́ nìkan. Ẹni tó lè tún àṣìṣe inú ìwé òfin ṣe láìṣí i wò kò ní í ka orúkọ mọ́kànlá sí ẹrù tó wúwo. A sì tún lè bi ara wa pé bí wọ́n bá fẹ́ purọ́, irú irọ́ wo ni ì bá ṣe wọ́n láǹfààní? Aláṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè máa ń wá adé fún baba rẹ̀. Nínú orúkọ mọ́kànlá wọ̀nyí, kò sí ọba kan. Ohun tí wọ́n kọ ni pé baba wọn jẹ́ àlejò ní Konni, pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbé lábẹ́ ọba ẹ̀yà mìíràn, pé wọ́n ṣí dé Maratta, wọ́n tún ṣí dé Degel. Abdullahi kì í sì í bo àléébù ará ilé. Nínú Tazyin al-waraqat, tó kọ ní 1813, ó sọ pé ní 1807 òun fi ibùdó ogun sílẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn òun ti ń lépa ayé, pé Kánò ni wọ́n ti dá òun dúró lọ́nà. Ẹni tó kọ irú èyí nípa ìjà tí òun fúnra rẹ̀ jà kò jọ ẹni tó kàn ń kọ ìyìn.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí àkọsílẹ̀ bá kọjá Musa lọ sókè, ohùn rẹ̀ yí padà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní ìran náà ti ọ̀dọ̀ Uqba wá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Lárúbáwá, tó fẹ́ Bajjumangu, ọmọ ọba kan, tó sì bí àwọn ọmọ tó di Fúlàní. Bó bá jẹ́ Uqba ibn Nafi, tó tẹ Kairouan dó ní 670, ni wọ́n ní lọ́kàn, ọdún 683 ló kú, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Al-Bakri, onímọ̀ Lárúbáwá tó kọ̀wé ní 1068 ní Spain, sọ pé War Jabi, tó kú ní nǹkan bí 1040, ni ọba tó mú Ìsìláàmù wọ Takrur, ìyẹn ilẹ̀ odò Senegal tí Futa Toro wà. Ó lé ní 350 ọdún láàárín Uqba àti War Jabi. Àárín Uqba àti Musa tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdílé tó lè ka orúkọ mọ́kànlá láìṣìnà kò sì rí orúkọ tó tó láti fi dí àlàfo yẹn. Kò sí olùkọ́, kò sí ìwé, kò sí ìlú tí wọ́n gbé. Ọ̀gágun àti ọmọ ọba nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí apá ìsàlẹ̀ kò ní, ìyẹn adé, òun ni apá òkè ní ní àníjù.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Futa Toro ti fi ìdí mìíràn kún un. John Ralph Willis, nínú iṣẹ́ tó ṣe ní 1978, ṣàlàyé pé àwọn Torodbe, tí Toronkawa jẹ́ ẹ̀ka wọn, kì í ṣe ẹ̀yà tí ẹ̀jẹ̀ kan so pọ̀. Ẹgbẹ́ àáfà ni wọ́n. Fúlàní wà nínú wọn, Wolof wà, Soninke wà, àwọn tí ìran wọn ti ṣe ẹrú rí pàápàá wà, ìmọ̀ Kùránì ló sì sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ní 1776, àwọn tó kù sílé nínú wọn, pẹ̀lú Sulayman Bal ní iwájú, dìde, wọ́n sì gba Futa Toro lọ́wọ́ ìdílé ọba Denyanke. Ọdún 28 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1804, Shehu kúrò ní Degel lọ sí Gudu, ogun Gobir sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka méjì tí ilẹ̀ tó gbòòrò gidigidi ti yà nípa fún ọ̀rúndún mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀rí tó lágbára jù nípa Musa lójú tèmi nìyí: àáfà ni, láàárín àwọn àáfà ló ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ Uqba kò sì wúlò láti fi ṣàlàyé ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ohun tí ìṣirò lásán lè tú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òbí méjì, òbí àgbà mẹ́rin, àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú wọn. Tí a bá ka ìran mọ́kànlá lọ sókè bẹ́ẹ̀, ipò baba ńlá àti ìyá ńlá tí Shehu ní jẹ́ 2,048. Àwọn kan á gba ipò ju ẹyọ kan lọ, torí ìbátan a máa fẹ́ ìbátan, ṣùgbọ́n Musa jẹ́ ẹyọ kan péré nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Àwọn obìnrin tó wà nínú iye náà kò sí nínú okùn ọkùnrin tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dájú pé ọkùnrin tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé ní Konni, yóò ní àna láàárín àwọn tó bá níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìdílé yìí mọ orúkọ ìyá Shehu, Hauwa, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń lọ sẹ́yìn, orúkọ obìnrin ń dín kù. Nana Asma'u, ọmọ Shehu tó gbé láyé láti 1793 sí 1864, bẹ̀rẹ̀ sí í dí àlàfo yẹn fún ìran tirẹ̀. Ó kọ ewì arò fún àwọn obìnrin, títí kan aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Halima, tí kì í ṣe ọlọ́lá, tí ó sì yìn fún inú rere àti sùúrù. Bí ìran Musa bá ti ní irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ìtàn wọn ní Konni ì bá kún ju bó ti wà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Nínú Infaq kan náà tí Bello ti sọ ti ìdílé rẹ̀, ó kọ ìpínrọ̀ kan nípa ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní àwọn Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, ìbátan Nímírọ́dù, tí Ya'rub ọmọ Qahtan lé kúrò ní Iraq lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Sókótó ní 1824, ó rí ìwé gbà lọ́dọ̀ Bello, wọ́n sì tẹ apá kan rẹ̀ jáde ní London ní 1826. Ibẹ̀ ni Samuel Johnson ti rí i tó fi gbè ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe Yorùbá ní ọmọ Nímírọ́dù títí dòní ń gba ẹ̀rí Sókótó láìmọ̀. Ṣé òpìtàn tó ṣeé gbára lé ni Bello tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní ó sinmi lórí ohun tó ń sọ. Lẹ́nu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀ùn. Lórí ìdílé rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó wà nínú okùn náà, iṣẹ́ wọn sì ń fipá mú wọn láti rántí. Lórí Yorùbá, àjèjì ni, kò ní olùkọ́ Yorùbá tó dárúkọ, ó sì fi ohun tó wà nínú ìwé àwọn Lárúbáwá dí ibi tó ṣófo. Ohun tó ṣe fún Yorùbá gan-an ni àkọsílẹ̀ ìdílé rẹ̀ ṣe fún ara wọn lókè Musa. Ẹni tó bá gbà pé ti Nímírọ́dù kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé ti Uqba náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan náà ló gbé méjèèjì ṣubú.

Àwọn kan á sọ pé ibi tí ìjọba kò bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, kò sí ìtàn èèyàn kan ṣoṣo tó ṣeé sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo Ireland, orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń ka èèyàn láti 1821. Ìyàn ńlá tó jà níbẹ̀ láti 1845 sí 1852 pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn, ó sì lé iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sókè òkun, ọ̀pọ̀ sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922, nínú ogun abẹ́lé, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Dublin jóná, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1821 dé 1851 sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ tó ti Ireland wá níláti padà sí ìwé ìrìbọmi ìjọ, lẹ́tà àtijọ́, àti ojú-ewé òfìfo inú Bíbélì ilé níbi tí ẹnì kan ti kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ àti ọjọ́ tí àgbà kú. Wọ́n ń gba ọjọ́ ìbí tí òbí kọ lọ́jọ́ náà gbọ́. Wọn kì í tètè gbà pé àwọn jẹ́ ọmọ Brian Boru, ọba tó kú ní 1014, bó ti wù kí ẹbí náà tẹnu mọ́ ọn tó. Bí a bá lè ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ fún ìwé àwọn àgbẹ̀ tí ebi lé kúrò nílùú, kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é fún ìwé àwọn àáfà tó ka ìrántí sí ẹ̀sìn.

Ó ku àtakò kan tí mo gbà fún ẹni tó bá sọ ọ́, títí dé ààyè kan. Iye ìwé tó dárúkọ Musa Jokollo pọ̀: ti Abdullahi, ti Bello, àti ohun tí àwọn òpìtàn Sókótó kọ lẹ́yìn wọn, irú bí Waziri Junaidu, tó kú ní 1997. Èyí kò sọ wọ́n di ẹlẹ́rìí púpọ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan la ní. Nítorí náà, n kò gbé ìgbàgbọ́ mi lórí iye ìwé. Mo gbé e lórí bí irú ìdílé yìí ṣe ń ṣí kiri, ó sì ní ìgbà kan tí a rí i lójú. Ní oṣù kẹta ọdún 1903, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Sókótó. Sultan Attahiru àkọ́kọ́ kọrí sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì pa á ní Burmi ní oṣù keje ọdún náà. Àwọn tó là á já ń bá ọ̀nà wọn lọ títí wọ́n fi dé Sudan, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, Mai Wurno, tẹ̀dó sí létí odò Nile Aláwọ̀ Búlúù, ìlú náà sì ń jẹ́ Maiurno di òní. Ìwé àti ẹ̀kọ́ Sókótó bá wọn débẹ̀, àwọn àáfà ibẹ̀ sì ń kọ́ni lórí ìwé Shehu láti ìran dé ìran. Wọ́n sọ ilẹ̀ nù, wọ́n sọ ọba nù, okùn olùkọ́ sí ọmọ kéú kò já. Ohun tí àkọsílẹ̀ ní ó ṣẹlẹ̀ láti Futa Toro dé Konni kò jọ àlá mọ́ nígbà tí ojú ti rí irú rẹ̀ láti Sókótó dé Sudan.

Kí ni a wá mọ̀ nípa Musa? A mọ̀ pé ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tàbí ní ìgbà tó súnmọ́ ọn, pé ó ti Futa Toro bọ̀ pẹ̀lú àwọn ìdílé mìíràn, pé àáfà ni, pé ó gbé lábẹ́ àṣẹ onílẹ̀ ní Konni, pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ láti ìlú dé ìlú kó tó kan Shehu. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ìjọba kankan kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n yìí náà ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ẹbí yòókù fi wọn tiwọn, ìbáà jẹ́ ìdílé Alimi ní Ìlọrin, tí òun náà jẹ́ àáfà Fúlàní tó ti òkèèrè wá, ìbáà jẹ́ ẹbí oníṣòwò Yorùbá kan tó fìdí kalẹ̀ sí Sókótó. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti sọ iṣẹ́, olùkọ́, onílé, àna àti ọ̀nà tí wọ́n gbà, kí a fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kí a sì fi wé ohun tí ará ìta sọ. Ibi tó bá ti kúrò lórí ìwọ̀nyí tó bọ́ sórí ọ̀gágun àti ọmọ ọba, kí a bi í pé ta ló jèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ báyìí lè fi ọ̀rọ̀ adé sílẹ̀ fún akéwì. Kó kọ orúkọ àwọn ìyá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọdún tí wọ́n dé àti ẹni tó gbà wọ́n sílé, nítorí àwọn yẹn ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò lè yẹ̀ wò lẹ́yìn 300 ọdún.